PSA 14.2, Gleason 3+4: iṣẹ́ abẹ ni àbí ìtànṣán?

Ọmọ Òkè-Pópó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin àgbà. Ìwé àyẹ̀wò ni mo gbé wá. Bàbá ẹni ọdún 68 ló ni ín, Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àmọ́ oògùn ti kápá rẹ̀. Kò sí ìtọ̀ ṣúgà. PSA (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún prostate, ẹṣẹ́ ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpòòtọ̀) jẹ́ 14.2. Wọ́n gé ẹran níbi 12 nínú prostate wọn, jẹjẹrẹ wà nínú 4, Gleason (ìwọ̀n bí jẹjẹrẹ náà ṣe le tó) 3+4=7. Dókítà tọwọ́ bọ ìdí wọn, kò kan kókó kankan. Àyẹ̀wò eegun mọ́. Wọ́n máa ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóru, ìtọ̀ náà ò sì já geere.

Dókítà ní kí wọ́n mú ọ̀kan nínú méjì: kí wọ́n yọ prostate náà kúrò, tàbí kí wọ́n gba ìtànṣán pẹ̀lú abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́fà tó ń mú omi-agbára akọ (testosterone) wálẹ̀. Nínú ẹbí, ẹnì kan ní kí wọ́n yọ ẹpọ̀n kó tán síbẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé jẹ́jẹ́ ló ń rìn. Ẹnì kẹta ti gbé ike agbo dé. Kí ló yẹ kí wọ́n wò kí wọ́n tó yàn? Kí ló sì máa ń bàjẹ́ nídìí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan?

Oníṣẹ́ Láàbù Yábàá

Ẹ jẹ́ kí ìwé pé ná. 3+4 àti 4+3, méje ni méjèèjì, àmọ́ wọn kì í ṣe ẹgbẹ́. Nọ́ńbà tó ṣáájú ni irú sẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ jù. 3+4 wà ní ìpele 2 nínú 5, 4+3 bọ́ sí ìpele 3. Torí náà, ẹ béèrè pé ìdá mélòó nínú 100 ni irú 4 náà kó. Ìdá 5 àti ìdá 45 jìnnà síra, bẹ́ẹ̀ 3+4 náà ni wọ́n máa kọ sórí ìwé méjèèjì.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹlòmíràn tún un wò, ìwé nìkan ò lè ṣe é. Ẹran tí wọ́n gé yẹn ṣì wà nínú ìdà ní láàbù tó ṣàyẹ̀wò rẹ̀, àwọn gíláàsì pẹlẹbẹ rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà béèrè fún gíláàsì àti ìdà náà, kí ẹ gbé wọn fún dókítà mìíràn tó máa ń ka prostate lójoojúmọ́. Ẹ má fi sínú mọ́tò tí oòrùn ń ta sí lórí. Ìdà ni, yíyọ́ ló máa yọ́.

Ẹ̀wẹ̀, ẹ yẹ PSA yẹn wò dáadáa. Bí kòkòrò bá wà nínú ìtọ̀, bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ rọ́bà ìtọ̀, bí àtọ̀ bá jáde láàárín wákàtí 48 tó ṣáájú, ó máa ga ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gé ẹran, ó yẹ kó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó tún un yẹ̀ wò. Èyí tí kì í sábà sí ẹni tó máa béèrè rẹ̀ ni pé ṣé bàbá ń lo finasteride tàbí dutasteride fún ìtọ̀ tí kò já geere yẹn? Ẹni tó bá ti lò ó tó oṣù mẹ́fà, PSA rẹ̀ máa ń já sí ìdajì. 14.2 yẹn á wá dà bí 28 lára ẹni tí kò lò ó. Tó bá sì ti kọjá 20, ewu àárín ti di ewu ńlá nìyẹn, ìtọ́jú náà á yàtọ̀.

Bí wọn ò bá tíì ya àwòrán MRI, ó dára kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kọjá lẹ́yìn ìgé ẹran. Ẹ̀jẹ̀ tó dì síbẹ̀ máa ń fara jọ jẹjẹrẹ nínú àwòrán.

Akàwé Ìyànà-Ìpájà

Ẹni tó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ ò purọ́ tán. Ìdúró-máa-wò wà, ó sì ní òfin tirẹ̀: PSA lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà, ìtọwọ́bọ̀dí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí wọ́n sì tún gé ẹran kí ọdún àkọ́kọ́ tó parí. Gleason 6 tí PSA rẹ̀ ò tó 10 ló bá mu jù. Bàbá yìí ní àmì ewu àárín méjì, PSA tó wà láàárín 10 sí 20 àti ìpele 2. Ká ní ọ̀kan ṣoṣo ni, ǹ bá ní kí ẹ jọ sọ ọ́ dáadáa pẹ̀lú dókítà. Méjì, rárá, àfi bí àìsàn mìíràn tó le jù ú lọ bá wà lára.

Ìwádìí tí àwọn tó ń ní "jẹ́jẹ́ ló ń rìn" máa ń gbé ara lé ni ProtecT, tí wọ́n ṣe ní Bìrìtéènì. Ọkùnrin 1,643 ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta láì ṣojúsàájú: ìdúró, iṣẹ́ abẹ, ìtànṣán. Èsì ọdún 15 jáde ní 2023: àwọn tí jẹjẹrẹ yìí pa jẹ́ bíi 2 sí 3 nínú 100, ọ̀nà yòówù kí wọ́n bá já. Àmọ́ ẹ ka ojú ìwé kejì náà. Nínú àwọn tó dúró, ó ràn lọ síbòmíràn lára bí 9 nínú 100. Lára àwọn tó ṣiṣẹ́ abẹ tàbí gba ìtànṣán, bíi 5 ni. Aláwọ̀ funfun sì ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tán. Àwa aláwọ̀ dúdú làìsàn yìí máa ń mú jù, ó sì máa ń tètè mú wa, èmi ò sì ní fi ẹsẹ̀ wọn wọn bàtà fún wa.

Ohun tí mo mú nínú ìwádìí yẹn ni pé ìkánjú ò sí. Bí oṣù méjì tàbí mẹ́ta bá kọjá kí ìwé tó pé, kí owó tó jọ, irú ti bàbá yìí ò ní tìtorí ìyẹn bàjẹ́. Àwọn ọmọkùnrin wọn àti àbúrò wọn ọkùnrin náà, kí wọ́n lọ ṣe PSA tiwọn bí wọ́n bá ti tó ẹni 40 sí 45.

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àràbà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Ọmọ Òkè-Pópó sọ kọjá wéré: ìtọ̀ ò já geere. Òun gan-an ló yẹ kó darí ìpinnu yìí. Ìtànṣán máa ń mú prostate wú kó tó súnkì. Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ ti ń fà tẹ́lẹ̀, ó lè dí mọ́ ọn pátápátá nígbà tí ìtọ́jú bá ń lọ lọ́wọ́, kó di pé wọ́n ń ki rọ́bà sí i. Ẹ wo ìwé scan, ẹ wá bí prostate náà ṣe tóbi tó ní mílílítà àti ìtọ̀ tó máa ń ṣẹ́kù sínú àpòòtọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá tọ̀ tán. Bí prostate bá tóbi, tí ìtọ̀ tó ń ṣẹ́kù sì pọ̀, iṣẹ́ abẹ máa ń fa ìwọ̀n sọ́dọ̀ ara rẹ̀, torí ó kó jẹjẹrẹ àti ìdènà lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Iṣẹ́ abẹ: bàbá á gbé rọ́bà ìtọ̀ fún ọjọ́ 7 sí 14. Kí rọ́bà náà má ṣe fà, kí àpò rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ìdí nígbà gbogbo, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ ní kẹ́míìsì àdúgbò kí ọjọ́ tó pé. Ojú ibi tí wọ́n rán mọ́ra lè ya, bí ẹnì kan bá sì tún fẹ́ fi agbára ki í padà, ó lè gba ibi tí kì í ṣe ọ̀nà wọlé. Kò gbọdọ̀ sí ẹrù wíwúwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kódà garawa omi kan. Bí ẹsẹ̀ kan bá dédé wú tó ń ro, tàbí èémí há, ẹ̀jẹ̀ ti lè dì nínú iṣan. Ẹ gbé wọn padà lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí rọ́bà bá kúrò, ìtọ̀ á máa jò. Kì í ṣe pé iṣẹ́ abẹ bàjẹ́. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ó máa ń dín kù láàárín oṣù 3 sí 12, àwọn díẹ̀ sì wà tí kì í tán lára wọn. Ẹ ra páádì àgbàlagbà sílẹ̀ kí ẹ tó lọ. Ìdárayá Kegel ló ń ràn án lọ́wọ́, ó sì dára kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní bí oṣù kan ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Iṣan tí ènìyàn fi ń mú ìsó mọ́ra ni kí wọ́n fún, kí wọ́n kà á dé 5, bó bá ti mọ́ wọn lára kí ó dé 10, kí wọ́n tú u sílẹ̀ fún iye kan náà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Bí ikùn bá le tàbí tí wọ́n bá séèémí, ibi tí kì í ṣe ni wọ́n ń fún. Kí wọ́n dá a dúró nígbà tí rọ́bà bá wà níbẹ̀, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ bó bá ti kúrò.

Ti ìyàwó ńkọ́? Àwọn bàbá kì í béèrè, ìyá ló máa ń fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àtọ̀ ò ní jáde mọ́ láé, àmọ́ adùn rẹ̀ lè wà. Kí nǹkan ọkùnrin tó lè máa dìde padà lè gba ọdún kan sí méjì, ìyẹn bí oníṣẹ́ abẹ bá rí iṣan ìmọ̀lára tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ prostate náà dá sí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé: ṣé ẹ lè dá a sí? Ẹ̀gbẹ́ kan ni àbí méjèèjì? Ìtànṣán náà máa ń mú un rẹ̀yìn, díẹ̀díẹ̀ ni tirẹ̀, fún ọdún mélòó kan.

PSA tó bá di ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kò yẹ kó tó 0.1. Bó bá dé 0.2, tí wọ́n tún un ṣe tó ṣì wà bẹ́ẹ̀, ó ń padà bọ̀ nìyẹn, ìtànṣán ṣì lè dá a dúró. Ẹni tó kọ́kọ́ gba ìtànṣán, iṣẹ́ abẹ lẹ́yìn rẹ̀ le gan-an, torí ibẹ̀ ti gan pa.

Ìtànṣán: lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọ́n kàn máa ya àwòrán CT, wọ́n á fi tádáwà gún àmì tíntìntín mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sára. Ìtọ́jú gan-an, ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ báyìí ni 60 Gy (Gy ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán) ní ìgbà 20, láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìlànà àtijọ́ ni 78 Gy ní ìgbà 39. Bí wọ́n bá dárúkọ 39, kì í ṣe àṣìṣe, àmọ́ ẹ béèrè ìdí, torí owó ọkọ̀ á pọ̀ sí i. Láti 2019 ni NSIA-LUTH ti wà ní Ìdí-Àràbà níbí, torí náà kò pọn dandan kí wọ́n sọdá òkun.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni omi. Àpòòtọ̀ gbọ́dọ̀ kún, ìdí sì gbọ́dọ̀ ṣófo, kí ìfun àti àpòòtọ̀ lè kúrò lójú ìtànṣán, kí prostate sì wà níbi tó wà lọ́jọ́ CT. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ní kí ènìyàn ṣe ni kó tọ̀ tán, kó mu bíi 500 ml, kó dúró fún ìṣẹ́jú 30 sí 60. Ẹni tó mu ún nílé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì ká a mọ́ orí Afárá Third Mainland, á ti tọ̀ sára kó tó dé Ojúẹlẹ́gba. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n ti mu ún, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ ẹ̀rọ bóyá ìlà ń lọ. Ẹ̀wà, kábéèjì àti mínírà tó ń hó, kí wọ́n sinmi rẹ̀ fún oṣù yẹn. Afẹ́fẹ́ inú ìdí nìkan lè ti prostate kúrò ní àyè rẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ yàgbẹ́ padà wá.

Bí ẹ bá ní ìbátan ní Súrùlérè tàbí Mushin, kí bàbá lọ sùn lọ́dọ̀ wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ níbi yòówù, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe máa dí àlàfo náà. Wọ́n lè ṣe méjì lọ́jọ́ kan, kí wákàtí mẹ́fà ó kéré tán wà láàárín, tàbí kí wọ́n lo òpin ọ̀sẹ̀. Kí ẹ má kàn gbà kí ó sún síwájú.

Ìtọ̀ á máa ta wọ́n, ìgbẹ́ á máa rọ̀, pàápàá láti ọ̀sẹ̀ kẹta lọ. Á lọ sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá parí. Bó bá di ọdún kan tàbí méjì tí ẹ̀jẹ̀ wá ń jáde ní ìdí, kí wọ́n tètè sọ fún dókítà tó bá fẹ́ yẹ ìdí wọn wò pé wọ́n gba ìtànṣán rí. Bí wọ́n bá gé ẹran lára ògiri ìdí tí ìtànṣán ti jó, ó lè má jiná, ó lè dá ihò sí àárín ìdí àti àpòòtọ̀. PSA tiwọn kì í wálẹ̀ kíá bíi ti iṣẹ́ abẹ. Ó lè tó ọdún kan àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì lè ta sókè díẹ̀ kó tún sọ̀kalẹ̀. Àfi bó bá fi 2 kọjá ibi tó rẹlẹ̀ jù lọ tó dé rí kí ẹ tó ní ó padà.

Apòògùn Súrùlérè

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti ẹpọ̀n. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́: láti 1941 ni dókítà Charles Huggins ti fi hàn pé bí omi-agbára akọ tí ẹpọ̀n ń ṣe bá lọ, jẹjẹrẹ prostate máa ń súnkì, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1966. Fún ẹni tí àìsàn ti dé eegun rẹ̀, tí owó abẹ́rẹ́ ò sì sí títí, mi ò rí ohun ìtìjú kankan nínú yíyọ ẹpọ̀n. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń sanwó rẹ̀, kò sì sí ọjọ́ tí ènìyàn máa gbàgbé oògùn. Ti bàbá yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Jẹjẹrẹ wọn ṣì wà nínú prostate, oṣù mẹ́fà péré ni wọ́n fẹ́ kí agbára akọ lọ sílẹ̀ kí ìtànṣán lè ríṣẹ́ ṣe. Ẹpọ̀n tí wọ́n bá yọ ò ní padà lóṣù keje.

Àṣìṣe kejì tó wọ́pọ̀ nílùú yìí ni kí wọ́n máa gba abẹ́rẹ́ nìkan, láì sí ìtànṣán. PSA á já wálẹ̀, gbogbo ilé á máa dúpẹ́, bẹ́ẹ̀ jẹjẹrẹ náà wà níbẹ̀ tó ń kọ́ bó ṣe máa yè láìsí omi-agbára náà. Abẹ́rẹ́ nìkan ò lè tu ú tigbòǹgbò-tigbòǹgbò.

Goserelin, irú abẹ́rẹ́ yẹn kan: 3.6 mg lọ́jọ́ 28-28, tàbí 10.8 mg lọ́sẹ̀ 12-12, sí abẹ́ awọ ikùn nísàlẹ̀ ìdodo. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, omi-agbára akọ máa kọ́kọ́ ga kó tó wálẹ̀. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń fi bicalutamide 50 mg, oògùn tó ń dí omi-agbára náà lọ́wọ́, ṣáájú, hóró kan lóòjọ́, láti bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú títí dé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ ti ń fà kò gbọdọ̀ fo ìgbésẹ̀ yìí. Goserelin ò gbọdọ̀ wà níbi tí ooru ti ju 25°C lọ, nítorí náà ilé oògùn tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù tó ń ṣiṣẹ́, ẹ má ra á níbẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tó máa bàjẹ́, àti bóyá ọ̀rá rẹ̀ ti ya. Ẹ kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó kàn sára kàlẹ́ńdà, ẹ má fi sí orí bàbá nìkan.

Ooru á máa bù wọ́n lójijì, ikùn á máa yọ, ara á máa rẹ̀ wọ́n. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru lè gòkè. Kí wọ́n yẹ wọ́n wò kó tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Kí wọ́n máa rìn kánkán fún bí ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì máa gbé nǹkan tó fẹ́ wúwo díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí eegun àti ẹran ara má bàa lọ.

Ike agbo yẹn, kí wọ́n gbé e kúrò ní tábìlì títí ìtọ́jú á fi parí. Bicalutamide lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ fúnra rẹ̀, wọ́n á sì máa yẹ ẹ̀dọ̀ wò. Bí èsì ẹ̀dọ̀ bá wá burú, dókítà ò ní mọ ẹni tí á bá wí, oògùn ni tàbí ohun tí wọ́n rẹ sínú ọtí. Bí wọ́n bá ti ń mu ún tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ síta. Kò sẹ́ni tó máa nà wọ́n.

Ọmọ Òkè-Pópó

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti wo ìwé scan: prostate 62 ml, ìtọ̀ tó ṣẹ́kù 110 ml. Kò sí finasteride. Ọkàn bàbá ń fà sí ìtànṣán, wọ́n ń bẹ̀rù iṣẹ́ abẹ. Ṣé ìtọ̀ yìí ti wá dí ọ̀nà náà ni?

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àràbà

Kò dí i, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ tún ọ̀nà náà ṣe ṣáájú. Ẹ sọ fún dókítà ìtànṣán ní nọ́ńbà méjèèjì yẹn, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè gba abẹ́rẹ́ fún oṣù méjì sí mẹ́ta kí ìtànṣán tó bẹ̀rẹ̀. Prostate máa ń súnkì ní àsìkò yẹn, ohun tó máa dín kù lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Wọ́n tún lè fún wọn ní tamsulosin 0.4 mg, oògùn tó ń dẹ ọ̀nà ìtọ̀, hóró kan lóòjọ́, lẹ́yìn oúnjẹ kan náà. Torí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò, kí wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì díẹ̀ kí wọ́n tó dìde lóru. Òyì máa ń kọ́ ènìyàn níbẹ̀, itan á sì kán. Bí wọ́n bá sọ pé àfi kí wọ́n fi irin ha ọ̀nà ìtọ̀ náà láti inú kó lè fẹ̀, ẹ béèrè iye oṣù tí wọ́n máa fi jẹ́ kó jiná kó tó di ìtànṣán. Oṣù mẹ́ta kì í ṣe àpọ̀jù. Ẹni tó bá kánjú bọ́ sórí ẹ̀rọ kí ojú egbò tó gbẹ lè máa jo ìtọ̀ títí.

Tó bá di alẹ́ kan tí ìtọ̀ ò já rárá, tí ìsàlẹ̀ ikùn le tó ń ro, kí wọ́n má dúró de ilẹ̀ mọ́, kí wọ́n má sì mu omi kún un. Ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Odan ló súnmọ́ wọn jù níbẹ̀ yẹn. Ẹ mú ìwé prostate dání, kí ẹni tó máa ki rọ́bà mọ ohun tó wà lọ́nà.